Ẹ Má Bẹ Irin Nítorí Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ìbàdàn níhìn-ín. Mo kí Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹ̀gbọ́n yín, mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ wọn. Mo kí Tísà tó ń ka ìwé yìí fún yín. Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á ní yàrá. Ìta gbangba ni kí ẹ ti kà á, lábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé wa, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ìròyìn àkọ́kọ́ nípa mi lè gbọ́ èyí náà. Mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ méjì ní Agbowó níbí. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri ilé agbẹ̀dẹ, kí ẹ lẹ ìkejì mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí ẹ gbọ́ kì í ṣe òótọ́. Mi ò búra èké. Mi ò jí aṣọ àrán oníbàárà. Irin kò mú mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú lóòótọ́, Láísì awakọ̀ pákó kò parọ́ nípa ìyẹn. Ó rí mi ní Bódìjà ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì ṣe ń dán. Ṣùgbọ́n ìwúlé nìkan ló rí, kò rí ohun tó fà á, ó sì ti gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí n tó lè ya ẹnu. Mo gbọ́ pé kí ó tó dé Ìsẹ́yìn, ikùn mi náà ti wú. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ yín, mo ti ń pọ ẹ̀jẹ̀.

Àná ló mú iṣẹ́ tí ẹ rán an dé. Ó ní ẹ ní kí n jẹ́wọ́ kí n lè yè. Ó ní ẹ ti ra ajá, pé ní Sátidé yìí Bàbá Alágbẹ̀dẹ máa wẹ irin, ẹ̀yin náà máa kúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì máa bẹ̀bẹ̀ nítorí mi. Ìyá mi, ohun tó jẹ́ kí n máa sáré kọ ìwé yìí nìyẹn. Ẹ má bẹ irin nítorí mi. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ ní Sátidé, Láísì á gbé ìròyìn rẹ̀ padà wá sí Bódìjà ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mi á sì sọ pé, ẹ ò rí i, ìyá rẹ̀ ti bá a jẹ́wọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí n ṣe fíríìdọ̀mù lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kò sí ọ̀gá tó máa gbé àdúrà lé orí ẹni tí ìyá tó bí i ti bá a bẹ̀bẹ̀ olè. Orúkọ bàbá mi tó ti kú ni wọ́n máa fi bú mi, ẹ sì mọ̀ pé mi ò ní dákẹ́.

Inú bí mi nígbà tí Láísì jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo bi í pé ṣé ìyá mi fúnra wọn ló sọ ọ́ àbí àwọn ará àdúgbò. Ó ní ẹ̀yin ni, pé ẹ ń sunkún nígbà tí ẹ ń sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ kì í jẹ́ kí n jẹ ẹran ọdún ẹlòmíràn, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín so ajá mọ́lẹ̀. Mo wá jókòó, mo rò ó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà yín. Mo mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún yín ni mí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú ni mò ń kọ́. A máa ń kan igi rẹ̀, a máa ń fi fóòmù lé e, a ó wá na aṣọ bò ó. Aṣọ nínà yẹn ló le jù. Ọwọ́ kan á na aṣọ, ọwọ́ kejì á di hámà mú, kò sí ọwọ́ kẹta. Ẹnu la máa ń kó ìṣó kéékèèké sí, bí ogún, bí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ahọ́n á máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde sí àárín ètè, a ó máa mú un kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wa ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Èmi ni mo yára jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ìṣó bá tẹ̀, àwọn yòókù á jù ú nù. Èmi á fi eyín ẹ̀yìn gé e mú, màá nà án padà. Mo máa ń fi í yangàn. Múdà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé Àdìgún kò nílò irinṣẹ́, pé kí wọ́n ṣáà ti fún mi lóúnjẹ kí eyín mi lè lágbára.

Eyín yẹn ló wá sán. Ti ìsàlẹ̀ ni, lápá òsì, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ṣìkejì. Oṣù méjì ló fi ń ro mí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jẹ kànáfùrù títí ahọ́n mi fi kú. Mo rẹ òwú sínú ọtí, mo kì í sí i. Ọyẹ́ wá dé, ọyẹ́ ọdún yìí kò sì kéré rárá. Bí mo bá la ẹnu ní àárọ̀, atẹ́gùn á wọlé bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo mú nínú owó tí mo ti tọ́jú fún fíríìdọ̀mù, mo lọ sí ilé ìtọ́jú eyín kan ní Ring Road. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹ fi ọjọ́ náà sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Obìnrin ni dókítà náà, wọn kò dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣeré. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí. Mo ní mẹ́tàlélógún. Wọ́n ní ṣé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi erìgì lásán jẹun ni. Wọ́n ní eyín náà ṣì ṣeé gbà là. Wọ́n fi fíìmù kékeré kan, tí kò tóbi ju sítáǹbù lẹ́tà lọ, sí ẹ̀gbẹ́ eyín náà nínú ẹnu mi, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, wọ́n gbé e sí iwájú iná, wọ́n fi hàn mí. Eyín náà funfun, gbòǹgbò rẹ̀ méjì, ní ìdí gbòǹgbò kan ni àmì dúdú kan wà, róbótó bí ẹ̀wà. Wọ́n ní okùn ẹ̀mí tó wà nínú eyín náà ti kú, pé ó ti jẹrà, pé ọyún ti ń kó jọ nísàlẹ̀ gbòǹgbò nínú egungun, ìyẹn ni àmì dúdú yẹn. Wọ́n kọ orúkọ mi àti ọjọ́ sí ara àpòòwé kékeré, wọ́n fi fíìmù náà sí i.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n dá eyín náà lu, wọ́n wá ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ẹṣin ha inú gbòǹgbò, wọ́n ń fà á jáde, wọ́n ń nù ún, wọ́n tún ń kì í bọ inú rẹ̀. Ó ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi oògùn sínú rẹ̀, wọ́n fi nǹkan funfun kan bíi símẹ́ńtì dí i. Wọ́n ní dídí tó máa wà títí ayé kọ́ nìyí, pé kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà náà làwọn máa dí i pátápátá, tí àwọn á sì dé e ní fìlà. Wọ́n ní kí n máa fi omi gbígbóná díẹ̀ tí wọ́n po iyọ̀ sí yọ ẹnu mi. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi apá òsì jẹ nǹkan líle, ì báà jẹ́ egungun, ì báà jẹ́ àgbàdo. Mo ní mo gbọ́. Wọn kò dárúkọ irin, nítorí kò sí dókítà tó máa rò pé ènìyàn máa fi eyín gé irin jẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, èmi ni mo ti ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn, nítorí mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí mi ò rí ṣe lọ́jọ́ tí mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ìdì àrán aláwọ̀ ewé kan wà lórí tábìlì, ti oníbàárà kan ní Olúyọ̀lé tó fẹ́ kí a fi bo àga mẹ́fà. Mo tì í mọ́lé, mo fi kọ́kọ́rọ́ síbi tí a máa ń fi í sí, lẹ́yìn ìkòkò omi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àrán kò sí. Ìlẹ̀kùn kò bàjẹ́. Ẹni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ló gbé e. Yàtọ̀ sí ọ̀gá, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ju mẹ́ta lọ, èmi, Múdà, àti Kọ́lá tó jẹ́ àbúrò ọ̀gá.

Ọ̀gá wa kò pe ọlọ́pàá. Ní Sátidé, wọ́n kó wa jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí kálukú fi ohun tó gbà gbọ́ búra, ọjọ́ méje ni àwọn máa fi wò ó. Múdà fi Kùránì búra. Kọ́lá fi Bíbélì búra. Nígbà tó kàn mí, Kọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní ará oko, ewo ni tìẹ, ṣé ọkọ́ ni wọ́n máa bá ẹ gbé wá ni. Gbogbo ẹni tó wà ní ọjà pákó tó ń wò wá rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé agbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí ìyá mi, kí wọ́n gbé hámà ọ̀gá wá, irin ni tèmi.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ènìyàn á fi ahọ́n kan irin lẹ́ẹ̀mẹta, á sọ̀rọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ṣì wà ní etí mi. Mo ní bí mo bá mọ ohunkóhun nípa àrán yẹn, kí irin tí mo fi ń jẹun dá mi lẹ́jọ́ kí ọjọ́ méje tó pé. Dípò kí n fi ahọ́n kàn án, mo fi eyín gé hámà náà. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi gbogbo agbára mi dì í mú kí Kọ́lá lè rí i pé ẹ̀rù kò bà mí. Apá òsì tí mo ti máa ń gé ìṣó náà ni mo lò. Mo gbọ́ ohun kan tó dún kẹ̀kẹ̀ nínú orí mi. Nǹkan bí iyanrìn kún ẹnu mi. Mo gbé e mì, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe irin. Símẹ́ńtì tí dókítà fi dí eyín ló fọ́, gbogbo ohun tí mo ń jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ihò náà lọ sí gbòǹgbò.

Ní ọjọ́ Ajé, erìgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ní Ìṣẹ́gun, mi ò lè fi ọwọ́ kàn án. Ní Ọjọ́rú tí mo jí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti di bí ẹni tó kó òkèlè méjì sẹ́nu, ó sì ń dán. Ọjọ́ karùn-ún nínú méje. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó kí mi. Ọ̀gá wò mí títí, wọ́n mú hámà tó jẹ́ tèmi, wọ́n fi há mi lábíyá, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn kò fẹ́ kí n kú sí iwájú àwọn. Kọ́lá kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń wo ilẹ̀. Mi ò sọ pé òun ni. Mi ò rí i, mi ò sì ní fi ẹnu tó ń ro mí dárúkọ ẹni tí mi ò rí. Ibẹ̀ ni Láísì ti rí mi, bí mo ṣe ń kọjá lọ láàárín pákó.

Màmá Ẹlẹ́kọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa nìkan ló pè mí. Wọ́n ní kí n wá jókòó. Wọ́n ti aṣọ ìnura bọ inú omi tó ń hó, wọ́n fún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó dùn mọ́ mi nígbà yẹn. Mo gba aṣọ náà lọ sílé, mo ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Ọjọ́bọ̀, ìwúlé náà ti gùn dé abẹ́ ojú. Mo dúbúlẹ̀ sí yàrá mi ní Agbowó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá kejì ń gbọ́ rédíò, wọ́n ń jiyàn nípa bọ́ọ̀lù, mo sì ń ronú pé bí mo bá kú níbí, ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ òórùn ni wọ́n máa kan ìlẹ̀kùn. Ìyá mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo bi ara mi pé ṣé mo tiẹ̀ gbé àrán yẹn kí n tó gbàgbé ni. Bí ara bá ń ro ènìyàn, tí kò sì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, ó lè gba ohunkóhun gbọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo há hámà mi mọ́ abíyá, mo jáde lọ bá dókítà. Epo wọ́n, ọkọ̀ kò pọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Challenge, obìnrin kan wo ojú mi, ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sí itan kejì. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, èrò sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí dókítà ṣe rí mi láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n wọlé kí gbogbo èrò tó kù dúró. Wọ́n bi mí pé kí ni mo jẹ. Mo ní hámà. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n jókòó, wọ́n bo ojú wọn, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

Wọ́n bá mi wí gan-an nípa aṣọ gbígbóná. Wọ́n ní omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ẹnu dára, ṣùgbọ́n ohun gbígbóná lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóde kò dára, pé ńṣe ló máa ń fa ọyún wọ inú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, pé aṣọ tó tutù ló yẹ kí n fi lé e. Wọ́n ṣí eyín náà padà, ọyún rú jáde, òórùn rẹ̀ lé nọ́ọ̀sì sẹ́yìn. Wọ́n gé erìgì díẹ̀ kí ìyókù lè jáde. Wọ́n fún mi ní kápúsù, wọ́n ní bí ìwúlé bá tiẹ̀ lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, n kò gbọdọ̀ dá a dúró títí á fi tán. Wọ́n ní kí n gbé orí mi sókè sùn, kí n má mu ọtí, kí n má fi ahọ́n tàbí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní bí ó bá dé ọrùn, tí mi ò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí ojú mi pa dé, tàbí tí mímí ń ni mí lára, kí n má dúró kí ilẹ̀ mọ́, kí n sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, nítorí irú èyí máa ń pa ènìyàn. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìfi nǹkan kan bò.

Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní fíìmù yẹn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ti ilé ìwòsàn ni. Mo ní mi ò ní dìde lórí àga wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn pe ọlọ́dẹ. Mo ní kí wọ́n pè é, pé ẹnu ni wọ́n wò sàn, pé orúkọ mi ńkọ́. Dókítà bi mí pé kí ni mo máa fi dógò. Mo yọ hámà mi lábíyá, mo gbé e lé orí tábìlì wọn, láàárín àwọn irin wẹ́wẹ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Wọ́n kọ ìwé kékeré mọ́ fíìmù náà, wọ́n ní kí n dá a padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé e lọ sí Bódìjà. Mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo gbé fíìmù náà sí oòrùn, mo ní kí ọ̀gá wá wò ó. Bàbá Pákó tó ń ta igi ní òdìkejì, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ níbẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbé awò wọn sójú, wọ́n wo àmì dúdú náà, wọ́n ní kí Múdà ka ọjọ́ tó wà lára àpòòwé. Múdà kà á. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni wọ́n búra. Múdà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bàbá Pákó yíjú sí ọ̀gá, wọ́n ní, ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé ọjọ́ kẹrin ṣáájú ìbúra ni irin ti ń bínú ni? Ṣé ó ti mọ̀ pé ọmọ náà ń bọ̀ wá búra ni? Ọjà pákó rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń rín.

Ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n wo fíìmù náà, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ó dára, eyín ti ń ṣe mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìbúra ti dàrú nìyẹn, pé àwọn kò lè mọ èwo ni ti eyín, èwo ni ti irin. Wọ́n ní kí n tún un búra, ọjọ́ méje mìíràn, bí ìwúlé náà bá lọ, mo mọ́, bó bá pọ̀ sí i, kí n má dé ibẹ̀ mọ́. Mo ní mo gbà. Mo ní ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo máa fi di irin mú, pé dókítà ti gba ẹnu mi lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ní ìbúra ọwọ́ kò lágbára tó ti ẹnu, àfi bí ẹlòmíràn bá gbé ọwọ́ lé e pẹ̀lú mi, tí òun náà gbà pé ohun tó bá bá mi kí ó bá òun.

Kò sẹ́ni tó jáde. Ẹ̀rọ tó ń la pákó lọ́ọ̀ọ́kán nìkan ló ń dún. Mo dúró pẹ̀lú ojú wíwú mi, mo di hámà ọ̀gá mú, mo ń wo ilẹ̀. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ara mi ṣe rí. Òní, Ọjọ́rú, ni ọjọ́ kẹta. Mo ti dá fíìmù padà lánàá, mo ti gba hámà mi. Láràárọ̀, ọ̀gá máa ń fi téèpù tí a fi ń wọn aṣọ wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, láti ìdí etí dé igun ẹnu, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ara ògiri. Íǹṣì mẹ́fà ni lọ́jọ́ Ajé. Lánàá, kò yí padà, ọ̀gá sì wo téèpù náà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí oúnjẹ jẹ lánàá. Láàárọ̀ yìí, ó di márùn-ún ààbọ̀. Ìwúlé abẹ́ ojú mi ti lọ. Ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín ni mò ń jẹ, apá ọ̀tún ni mo fi ń jẹ ẹ́. Mo ń yọ ẹnu pẹ̀lú iyọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, mo ń lo kápúsù ní àkókò tí wọ́n kọ sí i. Ìṣó kò sí lẹ́nu mi mọ́, agolo mílíìkì tí mo so mọ́ ìbàdí ni mo ń kó wọn sí. Kọ́lá ní mo ti di alágbe. Mo ti fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́, Múdà ti ń yára jù mí lọ. Kò burú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dí eyín náà pátápátá bí ọyún bá ti gbẹ. Mi ò ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́. Ẹ má fi àgbo ránṣẹ́ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́rin, Sátidé yín sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ìròyìn ajá yẹn bá dé Bódìjà, kò sí ẹni tó máa wo téèpù mọ́. Èmi nìkan kọ́ sì ni ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn yòókù tó bá mi búra fún yín.

Màmá Ẹlẹ́kọ ni ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n fi yẹ̀rì nu ọwọ́ wọn tó kún fún ògì, wọ́n wá gbá hámà náà mú pẹ̀lú mi. Wọ́n ní aṣọ gbígbóná tí àwọn fi lé mi ló jẹ́ kó dé ojú, pé bí ẹnikẹ́ni bá jẹ̀bi ìwúlé, àwọn náà wà níbẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n ní nílé, ẹ sì mọ ohun tó túmọ̀ sí kí abiyamọ di irú irin bẹ́ẹ̀ mú.

Bàbá Pákó ni ìkejì. Wọ́n ní ẹ̀mí tó kù fún àwọn kò tó ohun tí irin máa jà lé lórí, ṣùgbọ́n kí ó mú un bó bá fẹ́.

Múdà ni ìkẹta. Ó ní irin kì í ṣe ìbúra òun, òun kò sì ní fi ọwọ́ kàn án. Mo rò pé ó ti parí. Ó wá na ọwọ́, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́ tèmi tó di irin mú, ó ní òun kò mọ irin, Àdìgún lòun mọ̀.

Dókítà ni ìkẹrin. Wọn kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ wà lábẹ́ ọwọ́ mi, orúkọ wọn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá mi, mo wo hámà náà dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ààyè ọwọ́ kan ṣì kù ní ìdí èèkù rẹ̀. Bí ó bá di Sátidé, ẹ lọ sí ilé agbẹ̀dẹ bí ẹ ti pinnu. Ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ dúró, kí ẹ gbé ọwọ́ lé owú tí ẹ̀gbọ́n yín fi ń rọ irin, kí gbogbo abúlé sì gbọ́ tí ẹ sọ pé ọmọ yín kò jalè. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kí Láísì gbé ìyẹn wá. Ajá náà, ẹ tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ewúrẹ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Kí iná ilé agbẹ̀dẹ má kú. Kí ara àwọn ọmọ le, kí ọyẹ́ yìí má mú ẹnikẹ́ni láyà. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó dúró gbọ́ ìwé yìí títí dé ìparí, ẹ bá mi kí àwọn tó ti lọ kí ó tó parí pẹ̀lú. Mo ti ka mẹ́rin. Mo ń retí ẹnì karùn-ún.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdìgún